Ọtí Tí Lawrence Tu Dà Nílé Wa

Ahọ́n Lawrence Akínwùmí ló bọ́ ọ fún ọdún mọ́kànlá, ahọ́n náà ló sì lé e kúrò nílé baba rẹ̀. Bí ẹ bá bi àwọn ará ilé wa ní Oǹdó léèrè, ohun mìíràn ni wọn yóò sọ. Wọ́n á ní ó fẹ́ fún ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀ ní májèlé mu. Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, láti ọjọ́ náà gan-an ni mo sì ti mọ̀.

Bàbá mi, Ọlábọ̀dé, ni ẹ̀gbọ́n; bàbá tirẹ̀ ni àbúrò. Àdúgbò Òdòjọ̀mù ní Oǹdó ni wọ́n bí gbogbo wa sí. Lawrence fi ọdún mẹ́rìnlá jù mí lọ, Bọ̀dá Lawrence sì ni mo ń pè é títí ó fi kú. Nínú ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n pe orúkọ rẹ̀ lásán, nítorí ọ̀wọ̀ tí mo bù fún un kò ṣe é ní àǹfààní kankan nígbà tó nílò rẹ̀.

Lọ́dún 1973, àwọn òyìnbó Ítálì kan tó ń la títì kọ́ bùdó sí ẹ̀yìn Àkúrẹ́, lọ́nà Ìjù. Lawrence lọ síbẹ̀ láti máa fi ṣọ́bìrì kó yẹ̀pẹ̀. Kò tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ni wọ́n bá mú un wọlé, wọ́n wọ̀ ọ́ ní kóòtù funfun tó ní bọ́tìnnì idẹ, wọ́n ní kó máa gbé oúnjẹ fún ọ̀gá àwọn ẹnjiníà. Sínyọ̀ Gíídò ni ọ̀gá náà ń jẹ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, onírun pupa, ó sì máa ń bínú sí oòrùn bí ẹni pé ẹnì kan ló tan oòrùn náà sí i lójú. Kì í mu bíà. Ó ní ohun tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò ni bíà. Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Álíbà ló ti wá, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ní oko àjàrà, ọtí wáìnì pupa ilẹ̀ wọn nìkan ló sì ń mu. Inú àpótí tí wọ́n fi ń kó irin katapílà wá láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó ìgò ọtí náà pamọ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Gíídò gba àlejò, ó ní kí Lawrence máa tọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan wò kó tó bù ú fún ẹnikẹ́ni, nítorí ooru inú ọkọ̀ ojú omi a máa ba òmíràn jẹ́, ojú sì ń ti onílé tó bá gbé ọtí kíkan síwájú àlejò. Lawrence tọ́ ọ wò lóòótọ́. Ó ń tọ́ ọ wò, ó ń gbé e mì. Nígbà tó fi máa di ìgò kẹjọ, ó gbé àwo makaróní, ó sì rọra gbé e kalẹ̀ sórí itan ìyàwó ọ̀gá sójà kan, ó ní, "Madam, tábìlì yín rèé o." Ó rò pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni Gíídò ń rín. Lọ́jọ́ kejì ó pè é, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kan tí wọ́n da èérún pákó sí fún un, ó ní, "Lawrence, you taste, you spit. Always, always." Láti ọjọ́ náà, bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yóò bu díẹ̀, yóò gbé ife náà yí, yóò fi imú sí i, yóò fi ọtí náà yí ẹnu ká, yóò yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò tu ú dà. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọwọ́ àti ẹnu bá ṣe fún ọdún mọ́kànlá kì í dúró de ọpọlọ kó tó ṣe é.

Mo gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọdún méjì, 1979 sí 1981, nígbà tí mo jẹ́ taipíìsì nílé iṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká. Bọ́ìsì kọ́tà tí wọ́n fún un ní bùdó la jọ ń gbé, èmi, òun, àti Mary ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìjù. Ìbàdíàrán ni Mary máa ń pè mí, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe ń fún àbúrò ọkọ ní orúkọ. Obìnrin dáadáa ni. Ní alẹ́ Sátidé, bí àwọn àlejò Gíídò bá ti lọ, Lawrence a kó ìsàlẹ̀ ìgò tó kù wá sílé, a gbé ife mẹ́ta sílẹ̀, a wá di olùkọ́. Mary a ní òun kò ní mu ohun tó korò tí kò wo ibà. Èmi ni mo máa ń jókòó.

Ó kọ́ mi ní Kiántì, èyí tí wọ́n fi koríko hun aṣọ fún ìgò rẹ̀, tó máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu bí àgbálùmọ̀ tí kò tíì dé ojú àmì. Ó kọ́ mi ní Brunẹ́lò, tí wọ́n ń fi pamọ́ sínú àgbá igi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbà kí ẹnikẹ́ni rà á. Ó ní Àmàrónè, sísá ni wọ́n máa ń sá èso àjàrà rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, kí wọ́n tó fún un. Mo ní, "Bí a ṣe ń sá kòkó?" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ọwọ́ gbá itan. Ó ní, "Bọ́látitó, o gbọ́n. Àgbẹ̀ bíi tiwa náà ni wọ́n."

Ṣùgbọ́n Bàrólò ni ọba wọn lójú rẹ̀. Pupa rẹ̀ kò ki. Ó dà bí omi tí a fi se poroporo ọkà bàbà. Bí o bá gbé imú sí i, òórùn òdòdó ni wàá kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà òórùn ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì. Kò yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ń yọ́ ọ̀dà lójoojúmọ́ ló fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bó bá dé ẹnu, yóò gbá ẹran eyín mú bí ìgbà téèyàn jẹ obì, lẹ́yìn ìyẹn ni adùn rẹ̀ á tó yọjú. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo fẹ́ gbé e mì. Ó na ìka sí mi. "Má gbé e mì. Bí o bá ti gbé e mì, o ti di ọ̀rẹ́ rẹ̀, o kò lè dá a lẹ́jọ́ mọ́. Tu ú." Mo sì tu ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì èérún pákó náà lójú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tó di 1984, àwọn sójà ti padà dé, kò sí owó nílé ìjọba, iṣẹ́ títì dúró. Àwọn òyìnbó Ítálì kó ẹrù wọn, wọ́n fi katapílà sílẹ̀ fún ìpẹtà. Gíídò di ìgò méjìlá sínú ìwé ìròyìn fún Lawrence, Bàrólò ọdún 1971 ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó ní kó máa dá wọn dùbúlẹ̀ níbi tó tutù, kó má sì tètè ṣí wọn. Ó ní òun ń padà bọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí.

Lawrence kó lọ sí yàrá kan ṣoṣo ní Ìjọ̀kà, nínú Àkúrẹ́. Ó kó yanrìn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ àwọn ìgò náà sórí rẹ̀, àràárọ̀ ló ń wọ́n omi sí i kó lè máa tutù. Omi kànga ni, Mary ló ń pọn ọ́n. Nígbà tí Mary kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó ní, "Ìgò ń sùn nínú òtútù, èmi ń sùn nínú ooru. Èwo nínú wa lẹ fẹ́ níyàwó gan-an?" Lawrence tún bu omi wọ́n yanrìn náà. Ó gbìyànjú láti ta ọ̀kan. Ó gbé Àmàrónè lọ fún ọ̀gá kan ní Alágbàká, ará Ìkàrẹ́, ẹni tó ń gba àlejò nílé. Ọ̀gá náà tọ́ ọ wò, ó fajú ro, ó sọ ṣúgà oníhóró mẹ́ta sínú ife, ó fi ṣíbí rò ó, ó tún tọ́ ọ wò, ó ní, "Ó ṣì korò. Ọ̀gbẹ́ni, ọtí yìí ti bàjẹ́." Ó dá ìdajì ìgò padà fún un. Mary sọ fún mi pé ẹkún ni Lawrence sun wọlé lọ́jọ́ náà, àgbà ọkùnrin. Kò gbé ìkankan lọ tà mọ́.

Lọ́dún kan náà, wọ́n ka orúkọ tèmi náà mọ́ àwọn tí ìjọba dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ mi, tí mo fẹ́ ní 1981, ní òun ń lọ wá iṣẹ́ sí Èkó. Mi ò mọ̀ bóyá ó rí iṣẹ́ náà, mo kàn mọ̀ pé àwa kò rí i mọ́. Mo kó ọmọ mẹ́ta padà sílé bàbá mi ní Oǹdó. Bàbá mi ló ń bọ́ wa. Oko kòkó tó wà lọ́nà Òkè-Igbó ló fi ń bọ́ wa. Oko náà kì í sì í ṣe tirẹ̀. Ti àbúrò rẹ̀ ni, ti bàbá Lawrence, ẹni tó kú ní 1977 tí bàbá mi sì ń bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú oko.

Kò sẹ́ni tó bìkítà nípa oko náà nígbà tí kòkó kò níye lórí. Nígbà tó fi máa di 1987, ayé yí padà. Ìjọba ti tú àjọ tó ń ra kòkó ká, àwọn oníṣòwò ń wá dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àpò owó, gbogbo ohun mìíràn ń wọ́n, kòkó ń wọ́n jù wọ́n lọ. Àwọn tí ó ti gé igi kòkó wọn lulẹ̀ ń sunkún. Lawrence, tí kò níṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta, tí ìyàwó rẹ̀ ń ta gààrì níwọ̀nba, kọ lẹ́tà sí bàbá mi: Bàbá, mo fẹ́ wá gba oko bàbá mi, kí n padà wá sílé wá di àgbẹ̀.

Èmi ni mo ka lẹ́tà náà fún bàbá mi. Ó ní kí n tún un kà. Ó wá ní, "Ọmọ olóko ló ni oko. Kọ ọ́ sí i pé kó gbé ọtí wá lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí ẹbí jókòó." Mo kọ ọ́. N kò ní purọ́ fún yín, inú mi kò dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo ń wo Ọpẹ́yẹmí àkọ́bí mi tó wọ yunifọ́ọ̀mù tuntun, mo ń rò ó pé kí ni n ó fi rán an nílé ìwé lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni, nínú oṣù Kejìlá, ọyẹ́ ti ń fẹ́. A sá kòkó sí iwájú ilé. Àgbà ọkùnrin márùn-ún jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú bàbá mi. Lawrence dé láti Àkúrẹ́ nínú kóòtù funfun rẹ̀, bọ́tìnnì idẹ ń dán. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ti ya. Àwọn kan fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Bàrólò tó dára jù nínú èyí tó kù ló gbé dání, ó fi aṣọ funfun wé e lọ́rùn. Ó ní ọjọ́ méjì lòun fi gbé e dúró kí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lè rogún, pé orí itan lòun gbé e sí nínú mọ́tò, òun sì bẹ dírẹ́bà kó máa yẹ kòtò sílẹ̀. Dírẹ́bà wo ló ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn?

Nílé wa, bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀bẹ̀ níwájú ẹbí, ọtí ni yóò gbé wá. Òun ni yóò sì kọ́kọ́ bu ún mu lójú gbogbo èèyàn, yóò mu ún tán, yóò da ojú ife délẹ̀ kí wọ́n rí i pé kò sí ohun tó kù níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àgbà ilé yóò tó gbà á, tí yóò ṣàdúrà. Ọmọdé kékeré mọ èyí. Lawrence mọ̀ ọ́n. Kó tó lọ dúró níwájú wọn, ó tilẹ̀ sọ fún mi ní kíṣìnnì pé, "Màá kọ́kọ́ rí i dájú pé ó dára, lẹ́yìn náà màá mu tèmi, kí n tó bù ú fún Bàbá. N ò lè gbé ọtí kíkan fún Bàbá lọ́jọ́ òní."

Ó ṣí i. Ó fi imú sí kọ́kì. Ó bu díẹ̀ sínú ife, ó yí i, ó fi imú sí i, mo sì rí ojú rẹ̀ tó là bí ojú ẹni tó rí èèyàn rẹ̀ tó ti lọ fún ọjọ́ pípẹ́. Ó gbé e sẹ́nu. Ó fi yí ẹnu ká. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń wò ó. Ó wá yíjú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tu ú dà sílẹ̀.

Adìẹ kan tó ń jẹ lẹ́bàá ibẹ̀ sá lọ. 

Bàbá mi ló kọ́kọ́ lanu. Kò pariwo. "Lawrence, ọma mi, kí lo tu dà yẹn?"

Lawrence ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dára, Bàbá. Ó dára gan-an ni. Mo tọ́ ọ wò ni." Ìgbà tó wo ojú wọn ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo rí i bí ohun tó ṣe ṣe yé e, láti orí dé ẹsẹ̀.

Bàbá mi ní, "Ọtí tí ẹni tó gbé e wá kò lè gbé mì, èmi ni kí n wá gbé mì nínú ulé mi?"

"Bàbá, ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe kọ́ wa níbi iṣẹ́ ni." Ó sáré bu ife kún, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ó da ojú ife délẹ̀. Ìkán ọtí kan bọ́ sí kóòtù funfun náà. "Ẹ wò ó, mo ti mu ún."

"Ó ti pẹ́ jù," ni bàbá mi wí. "Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tó bá po irú nǹkan bẹ́ẹ̀ a ti jẹ ẹ̀rọ̀ rẹ̀ kó tó kúrò nílé? Èyí tí o kọ́kọ́ tu dà yẹn ni òtítọ́ ọ̀rọ̀. Ara ló ń sọ òtítọ́."

Mo mọ bàbá mi. Ẹ̀rù kò bà á rárá. Mo wo ojú rẹ̀, ojú ẹni tó ń wo kòkó tó gbẹ dáadáa ni. Láti ọjọ́ tí lẹ́tà ti dé ló ti ń wá ilẹ̀kùn tí yóò gbà jáde nínú ọ̀rọ̀ tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, Lawrence sì ṣí i sílẹ̀ fún un pẹ̀lú itọ́.

Lawrence wá yíjú sí mi. Èmi ni mo gbé ife wá, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bọ́látitó," ó ní, "jọ̀ọ́ sọ fún wọn. O gbé lọ́dọ̀ wa. O mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìwọ náà tu ú dà lọ́dọ̀ mi. Sọ fún wọn."

Gbogbo ojú wá sára mi. Bàbá mi náà yíjú, ó wò mí, kò ṣẹ́jú. Àwọn ọmọ mi ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó tí a sá, mo ń gbọ́ ohùn wọn.

Mo ní, "N ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi kò mu ọtí nílé yín rí."

Kò sẹ́ni tó fi ìbọn sí mi létí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó bi mí lẹ́ẹ̀mejì.

Àgbà kan gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí mọ́tò ti rò pọ̀ ń fò kiri nísàlẹ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wà nínú Bàrólò àtijọ́. "Ẹ wo àgúnmu o!" ó kígbe. "Ẹ wo nǹkan tó pò mọ́ ọn!" Ó tán nìyẹn. Wọ́n da ọtí ọdún mẹ́rìndínlógún sínú gọ́tà. Òórùn òdòdó àti ọ̀dà gba ojú ọ̀nà wa kan, mo sì fà á símú. Wọ́n ti Lawrence jáde. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ilé já bọ́tìnnì idẹ kan gbà lára kóòtù rẹ̀ bí ó ṣe ń lọ, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ní kó má ṣe tẹ oko tàbí ilé náà mọ́ láéláé.

Ọ̀rọ̀ dé Àkúrẹ́ ṣáájú rẹ̀. Nígbà tó rí iṣẹ́ gbígbé ọtí fún àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì kan, kò tó oṣù méjì tí ará Oǹdó kan fi dá a mọ̀ lẹ́bàá tábìlì, ó ní òun kò lè gba omi lọ́wọ́ apani. Wọ́n dá a dúró nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó tún gbìyànjú níbi méjì mìíràn. Gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe láyé ni kó bu nǹkan mímu fún èèyàn, kò sì sẹ́ni tí yóò gba nǹkan mímu lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mary fara dà á fún ọdún kan. Nígbà tí àwọn oníbàárà kò ra gààrì lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ nítorí ọkọ rẹ̀, ó padà sí Ìjù. Ó ránṣẹ́ sí mi ní ọ̀rọ̀ kan: "Ẹ sọ fún Ìbàdíàrán pé a kú ọdún." Mi ò mọ ohun tó fi ìyẹn sọ, mi ò sì béèrè. Lawrence lọ sí Ilú-Àbọ̀, lẹ́bàá Àkúrẹ́, ó ń roko fún àwọn ẹlòmíràn.

Ìtọ̀ ṣúgà ló pa bàbá mi ní 1991. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ilé ní òórùn ọtí Lawrence ló wọ inú rẹ̀ lọ. Mo gbọ́ ọ, mo dákẹ́. Dídákẹ́ ti rọrùn fún mi nígbà náà. Wọ́n pín ogún, oko ọ̀nà Òkè-Igbó sì bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi jẹ oko náà kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í ni mí. Ní 1994, mo wọ mọ́tò lọ sí Ilú-Àbọ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Mo fẹ́ sọ fún un pé n ó dá ìdajì oko padà fún un. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá alámọ̀ kan, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti funfun. Mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Dìde. Wọlé. O ti rin ọ̀nà jìn."

Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ó wá ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó fa ìgò kan jáde láti inú yanrìn, Bàrólò, èyí tó kẹ́yìn. Ó fi ìṣẹ́tí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún. Ife méjì ló ní. Ó ṣí i, ó bù fún mi, ó bù fún ara rẹ̀, kò sì tọ́ tirẹ̀ wò. Ó ní, "Ìwọ ni mo kọ́. Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́."

Mo gbé imú sí i. Kò sí òdòdó níbẹ̀, kò sí ọ̀dà. Ooru gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ti jẹ ẹ́. Ó ti kan, ó kan bí omi ògì ọjọ́ márùn-ún. Mo gbé e sẹ́nu, ó ta mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó ń wò mí. Mo ronú nípa gbogbo ohun tó ti sọ nù, pé ìgò yìí nìkan ló kù fún un láyé, mi ò ní ìgboyà láti sọ fún un pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Mo gbé e mì.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dára, Bọ̀dá Lawrence. Ó dára gan-an ni."

Ó gbé tirẹ̀. Ó yí i, ó fi imú sí i, ó gbé e sẹ́nu, ó fi yí ẹnu ká. Ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó tu ú sórí èèpo ẹ̀gẹ́. "Ó ti kan," ó ní. "Imú rẹ mọ̀ ọ́n kó tó dé ẹnu rẹ. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọ, o gbà á sórí ju bí mo ti rò lọ. Sísọ ọ́ jáde nìkan ni mi ò lè kọ́ ọ."

Mo bú sẹ́kún, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sọ ti oko. Ó ti jókòó padà sídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀, kò sì gbé ojú sókè. Ó ní, "Mi ò fẹ́ ìdajì oko. Ohun tí o wá sọ fún mi níbí, mo ti mọ̀ ọ́n ṣáájú rẹ. Lọ sọ ọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí o ti sọ èyí àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí o bá sọ ọ́ níbẹ̀, mo lè padà sílé, kódà bí kò bá sí oko." Mo ṣèlérí. Mo fi orúkọ àwọn ọmọ mi ṣèlérí. Ó fọwọ́ sí ife mi tó ku díẹ̀ nínú rẹ̀. "Má da ti onílé nù," ó ní. Mo mu ún tán lójú rẹ̀, kò sì dá mi dúró.

Ọdún méjì ló fi dúró dè mí. Gbogbo ìgbà tí ẹbí bá jókòó, mo máa ń ní ìpàdé tó ń bọ̀ ni n ó sọ ọ́. Ní 1996, àwọn ará Ilú-Àbọ̀ ránṣẹ́ sí wa pé ó ti kú. Àwọn àgbà kọ̀ kí wọ́n sin ín sínú ọgbà ilé wa. Ẹ̀yìn ìlú Oǹdó, lójú ọ̀nà oko, ni wọ́n sin ín sí. Mary wá. Kò pè mí ní Ìbàdíàrán mọ́. Kò pè mí ní nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, gbogbo wa padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé ọtí fún ẹbí, kí wọ́n lè fọwọ́ mú ọ̀rọ̀ òkú náà kúrò nílẹ̀. Owó kòkó wà lọ́wọ́ mi, èmi ni mo gbé e wá. Mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú ife lọ́wọ́, gbogbo wọn ń wò mí, bí wọ́n ṣe wò mí lọ́jọ́ kìíní. Ọ̀rọ̀ náà ti wà ní ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo bu ọtí, mo mu ún, mo gbé e mì, mo da ojú ife délẹ̀ kí wọ́n rí i pé kò sí ohun tó kù níbẹ̀.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n sì mu ún tán.